Kúbùsù awọ onírun: abẹ́rẹ́ ló máa ń kẹ́yìn

Gbogbo ẹni tó bá wọ pálọ̀ wa tó rí kúbùsù awọ ehoro tó wà lórí àga gígùn, ohun kan náà ni wọ́n máa ń ṣe. Wọ́n á kọ́kọ́ fọwọ́ pa á, wọ́n á ní ha, ó mà rọ̀ o, wọ́n á wá gbé e símú, lẹ́yìn náà ni ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀: kò rùn kẹ̀? Ṣé kò ní jẹrà tó bá yá? Máṣìnnì wo lo fi rán an? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tiẹ̀ bi mí lórí fóònù pé ṣé awọ tó yẹ ká fi ṣe pọ̀nmọ́ ni mò ń fi bora. Ó yé mi ìdí tó fi ń rú wọn lójú. Awọ tí àwa mọ̀ nílé, bóyá ká jẹ ẹ́, bóyá ká fi bo ìlù, bóyá ká fi ṣe bàtà, tàbí kí àáfà tẹ́ awọ àgbò sílẹ̀ kó jókòó lé e. Awọ tí èèyàn máa fi bora sùn, tí irun ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀ wámúwámú, a ò bá ìyẹn dàgbà.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mo kọ́, Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ọ, bùbá àti ìró, agbádá, lésì, àrán, gbogbo ẹ̀ ni mo rán kí n tó kó wá sí Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ra awọ ehoro mẹ́fà, mo rò pé aṣọ náà ni, mo gbé sísọ́ọ̀sì, mo gé e bí mo ṣe máa ń gé aṣọ, irun fò kún gbogbo yàrá, etí ibi tí mo gé wá rí pálapàla bí orí tí wọ́n fi abẹ tó kú fá. Mo wá fi máṣìnnì rán méjì pọ̀, mo fà á díẹ̀ báyìí, ó ya wẹ́rẹ́ lójú ibi tí abẹ́rẹ́ gbà, bí ìgbà tí èèyàn bá ya sítáǹbù kúrò lára ìyókù. Awọ mẹ́fà náà ló ṣòfò. Ó dùn mí gan-an, torí ẹranko ló kú kí awọ yẹn tó wà, kì í ṣe pé èèyàn á kàn pa dà sọ́jà lọ gé yáàdì míì.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni pé abẹ́rẹ́ ló máa ń kẹ́yìn nínú iṣẹ́ yìí. Tí wọn ò bá ṣe awọ náà dáadáa, tẹ́ ẹ ò bá mọ ibi tí irun ẹ̀ ń sùn sí, tẹ́ ẹ ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń gé e, kò sí ìrán tó lè gbà á sílẹ̀. Torí náà ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ awọ fúnra ẹ̀.

Ipò mẹ́ta ni awọ lè wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú. Àkọ́kọ́ ni awọ tútù, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó lára ẹran. Ẹran ni, kò sí nǹkan míì tá a lè pè é, bí ẹran ṣe ń bàjẹ́ lòun náà ń bàjẹ́, tí ojú ọjọ́ bá gbóná kì í ju wákàtí díẹ̀ tó fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ìkejì ni awọ gbígbẹ. Tẹ́ ẹ bá na awọ tútù sójú oòrùn, á gbẹ, á le gbagidi, kò ní rùn mọ́, èèyàn á rò pé ó ti parí. Kò tíì parí o. Awọ ìlù nìyẹn. Ẹ wo ojú dùndún, awọ ewúrẹ́ tó wà níbẹ̀, wọ́n kàn yọ irun ẹ̀, wọ́n nà án, ó gbẹ, ìdí nìyẹn tí ohùn ẹ̀ fi ń dún, ìdí nìyẹn náà tí òjò fi jẹ́ ọ̀tá onílù, torí tí omi bá ti kàn án ó máa rọ̀ pa dà, tó bá sì pẹ́ nínú omi ó máa rà bí ẹni pé àná ni wọ́n bó o. Ẹ ò lè fi irú awọ yẹn bora, ó le, àti pé òógùn ara yín lásán tó láti mú un rùn.

Ìkẹta ni awọ tí wọ́n ti ṣe, èyí tí òyìnbó ń pè ní tanned. Inú awọ kún fún fọ́nrán tíntìntín tó lọ́ mọ́ra wọn bí òwú, collagen ni orúkọ wọn. Tí awọ bá kàn gbẹ lásán, bí omi ṣe ń jáde làwọn fọ́nrán yìí ń lẹ̀ mọ́ra wọn bíi pé wọ́n da gọ́ọ̀mù sí i, ìyẹn ló ń jẹ́ kó le. Iṣẹ́ alawọ ni kó fi nǹkan kan há àárín wọn, kí nǹkan ọ̀hún so mọ́ wọn lára, kí wọ́n má lè lẹ̀ pọ̀ mọ́, kí kòkòrò àìfojúrí má sì rí wọn jẹ. Nǹkan yẹn lè jẹ́ omi èèpo igi tàbí ti èso igi tó máa ń fún ẹnu pọ̀ téèyàn bá tọ́ ọ wò, ó lè jẹ́ álọ́ọ̀mù pẹ̀lú iyọ̀, ó lè jẹ́ kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní chrome, ó sì lè jẹ́ ọpọlọ ẹran náà gan-an pẹ̀lú èéfín, bí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe máa ń ṣe é. Lẹ́yìn èyí, alawọ á tún wọ ọ̀rá sí i, á máa fà á, á máa fi etí pákó họ ẹ̀yìn ẹ̀ títí á fi rọ̀ bí aṣọ. Ìfà yẹn ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ, awọ tí wọ́n rẹ sínú gbogbo oògùn ayé tí wọn ò fà, líle ló máa le.

Ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí wa rárá. Àwọn Hausa ti ń fi èso igi bagaruwa ṣe awọ láti ayébáyé, majema ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, awọ ewúrẹ́ pupa Sókótó tí wọ́n ṣe báyìí ló ń la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé Mòrókò kó tó dé Yúróòpù, òyìnbó wá ń pè é ní awọ Mòrókò, apá ọ̀dọ̀ wa ló sì ti lọ. Tìmùtìmù táwọn oníṣọ̀nà awọ ń ṣe l'Ọ́yọ̀ọ́ náà, awọ tí wọ́n ti ṣe ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín awọ tìmùtìmù àti awọ kúbùsù ò ju irun lọ. Ti tìmùtìmù àti bàtà, wọ́n máa ń kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi eérú kí irun lè tú kúrò. Ti kúbùsù, irun gan-an lẹrù tí à ń wá. Torí náà alawọ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí awọ pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bó o kó tó fi iyọ̀ sí i, torí tó bá pẹ́, kòkòrò àìfojúrí á ti jẹ gbòǹgbò irun, ẹ ò sì ní mọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á, ìgbà tẹ́ ẹ bá rán an tán lẹ máa rí i pé irun ń ya lápá kan, awọ á hàn borokoto.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pé kó má dáwọ́ lé ṣíṣe awọ fúnra ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kó lọ ra èyí tí wọ́n ti ṣe, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ alawọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ má wo fọ́tò nìkan, ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ fi ìka méjì di irun díẹ̀ mú níbi ikùn, ẹ fà á jẹ́jẹ́, tí irun bá tẹ̀ lé ọwọ́ yín wọ̀ọ̀ ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ ṣẹ́ awọ náà po, ẹ fetí sí i, tó bá ń dún ṣàkàṣàkà bíi pépà, wọn ò fà á tó, tàbí kó jẹ́ pé oògùn ò dé inú. Ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀yìn ẹ̀: awọ tó dáa máa ń rùn bí awọ bàtà tuntun tàbí kó má rùn rárá, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ òórùn ẹran, ẹ má tan ara yín pé òórùn yẹn máa lọ. Kẹ́ ẹ sì bi ẹni tó ń tà á bóyá omi lè kàn án. Awọ tí wọ́n fi álọ́ọ̀mù ṣe máa ń funfun dáadáa, ó rẹwà, àmọ́ álọ́ọ̀mù yẹn á bá omi jáde tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́, awọ á gbẹ á sì le pa dà. Ti chrome lè rí omi.

Ẹranko wo ló wá dáa? Ehoro ni irun ẹ̀ rọ̀ jù nínú èyí tí mo ti fọwọ́ kàn, ó fúyẹ́, kò sì wọ́n, àmọ́ awọ ẹ̀ fẹ́lẹ́, bí ẹ ò bá fara balẹ̀ ó máa ya. Àgùntàn ló lágbára, ó móoru gan-an, òun ló dáa jù fẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, àmọ́ ó wúwo. Ní Nọ́wè, kúbùsù awọ àgùntàn ti wà láti ìgbà pípẹ́, skinnfell ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á rán awọ àgùntàn bíi mélòó kan pọ̀, irun ló máa kọjú sí ara ẹni tó ń sùn, ẹ̀yìn awọ ló máa wà lókè, wọ́n á wá gbẹ́ igi ní oríṣiríṣi àmì, wọ́n á kun ọ̀dà sí i, wọ́n á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn awọ yẹn bí ìgbà táwa náà ń tẹ àwòrán sára aṣọ. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń lò ó, àwọn apẹja sì ń gbé e dání sínú ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí mo rí àwòrán ọ̀kan lẹ́ẹ̀kíní, tí àmì kún ẹ̀yìn ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ àwọn aládìrẹ ní Abẹ́òkúta.

Àwọn kan ti bi mí pé ṣé wọn ò lè fi awọ àgbò Iléyá ṣe irú ẹ̀. Ẹ lè ṣe é, kò sóhun tó ní kẹ́ ẹ má ṣe é, àmọ́ ẹ má retí irú ooru yẹn. Balami, Uda, Yankasa, gbogbo àgùntàn tá a mọ̀ ní Nàìjíríà, irun kúkúrú tó nà tààrà ló wà lára wọn bíi ti ewúrẹ́, kì í ṣe irun wúúlù tó ta kókó. Ohun tó ń mú kúbùsù móoru kì í ṣe irun náà fúnra ẹ̀, atẹ́gùn tó há sáàárín irun ni. Irun kúkúrú ò lè di atẹ́gùn mú. Awọ àgbò tiwa máa ṣe àtẹ́ẹ̀lẹ̀ àti ìjókòó tó lálòpẹ́, ìyẹn làwọn àáfà ti mọ̀ tipẹ́.

Iye awọ tẹ́ ẹ máa rà ńkọ́? Awọ ehoro kan, tẹ́ ẹ bá ti gé apá ikùn àti ẹsẹ̀ àti ọrùn kúrò, torí awọ ikùn fẹ́lẹ́ jù irun ẹ̀ ò sì pọ̀, ohun tó máa kù tó dáa ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 25 ní fífẹ̀ àti 30 ní gígùn. Kúbùsù tó jẹ́ 150 sí 150, mẹ́fà ló máa wà ní ìbú, márùn-ún ní gígùn, ọgbọ̀n awọ nìyẹn, kẹ́ ẹ sì ra mẹ́rin sí i torí kò ní ṣàì sí èyí tó bàjẹ́. Ti àgùntàn, awọ mẹ́fà lè tó yín. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ra ogún awọ ehoro torí wọ́n ń wo bí awọ ṣe rí kí wọ́n tó gé e, bí wọ́n bá dé àárín iṣẹ́ wọ́n á wá rí i pé kò tó, wọ́n á pa dà lọ rà sí i, àwọ̀ ò sì ní dọ́gba mọ́.

Tí awọ bá ti délé, ẹ má tíì gé nǹkan kan. Ẹ fi kànìnkànìn tó ní omi díẹ̀ nu ẹ̀yìn awọ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn nìkan o, kẹ́ ẹ wá nà án sórí pákó, irun sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìṣó tín-ín-rín kàn án létí yíká, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra ẹ̀, ẹ má gbé e sídìí hítà. Èyí ló máa jẹ́ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Awọ tí wọn ò nà, bẹ́ ẹ bá rán an tán ó máa ṣe kókó láàárín bíi bàlúù, kò sì sí ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i, torí ẹ ò lè lọ̀ ọ́. Áyọ́ọ̀nù àti awọ ò bára mu, ooru ẹ̀ máa ká awọ jọ gírígírí lójú yín, kì í sì í tún nà pa dà.

Ibi tí irun ń sùn sí ló kàn. Gbogbo télọ̀ tó ti rán aṣọ àrán mọ ohun tí mò ń sọ: tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa àrán síhìn-ín ó máa dán, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á sọ́hùn-ún ó máa ṣókùnkùn, tẹ́ ẹ bá wá gé apá kan sókè gé apá kan sísàlẹ̀, oníbàárà á rò pé aṣọ méjì lẹ fi rán an. Bẹ́ẹ̀ náà ni irun ẹran, láti orí ló ti ń sùn lọ síbi ìrù. Gbogbo awọ tó wà lára kúbùsù, ọ̀nà kan ni irun wọn gbọ́dọ̀ sùn sí, èmi máa ń jẹ́ kó sùn lọ sápá ẹsẹ̀. Ẹ fi bíró ya ọfà kékeré sẹ́yìn awọ kọ̀ọ̀kan, láti ọrùn sí ìrù, kó má bàa rú yín lójú tẹ́ ẹ bá dojú ẹ̀ dé. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ tẹ́ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, irun sókè, kẹ́ ẹ máa tò ó, dúdú sápá dúdú, irun gígùn sápá irun gígùn, ẹ jìnnà sí i díẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ tún wò ó. Èmi lè lo odindi ọjọ́ kan nídìí èyí. Nígbà tó bá tẹ́ yín lọ́rùn ni kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà sẹ́yìn wọn. Kẹ́ ẹ sì rántí pé tẹ́ ẹ bá dojú wọn dé láti rán wọn, ọ̀tún á di òsì, nọ́ńbà ìkíní tó wà lápá òsì á bọ́ sápá ọ̀tún, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn.

Gígé. Ẹ má fi sísọ́ọ̀sì gé e. Bléèdì ni, èyí tó mú dáadáa, ẹ̀yìn awọ lẹ sì máa ti gé e. Ẹ fi rúlà fa ìlà, ẹ fi ọwọ́ kan gbé awọ sókè díẹ̀ kúrò nílẹ̀ kí irun lè rọ̀ sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi orí bléèdì nìkan fa ojú ìlà yẹn jẹ́jẹ́ títí awọ fi máa là. Awọ lẹ fẹ́ gé, ẹ ò fẹ́ gé irun. Tẹ́ ẹ bá ṣe é dáadáa, irun á gùn kọjá etí awọ lápá méjèèjì, ìyẹn ló sì máa bo ojú ìrán mọ́lẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá so wọ́n pọ̀. Ìdí tí ojú ìrán ò fi ń hàn lára kúbùsù tó dáa nìyẹn, kì í ṣe idán.

Ó wá kan abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ awọ yàtọ̀ sí ti aṣọ, orí ẹ̀ ní ojú mẹ́ta tó mú bí ọ̀bẹ kékeré, bó ṣe ń wọlé ló ń gé ọ̀nà fúnra ẹ̀. Tí ehoro lẹ fẹ́ rán, ẹ mú èyí tó tín-ín-rín jù, tó bá jẹ́ àgùntàn ẹ mú èyí tó nípọn díẹ̀, tí ọrùn àgùntàn bá sì le jù, irin ṣóńṣó táwọn ṣúmékà fi ń luhò lẹ máa fi kọ́kọ́ lu ú. Òwú kọ́tìn ò dáa níbí, ásíìdì tó wà nínú awọ á jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Òwú pólísítà tó lágbára ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ fà á gba ara ìda oyin kọjá lẹ́ẹ̀mejì kó lè dán kó sì di ara ẹ̀ mú.

Ẹ da awọ méjì kọ ojú síra wọn, irun sí irun, ẹ fi ìka tàbí orí síbí tẹ gbogbo irun etí wọlé sáàárín, ẹ fi àwọn kílíìpù kékeré dì í mú, ẹ má fi pín-ìnnì gún un torí ihò tẹ́ ẹ bá lu sára awọ kì í dí mọ́ bíi ti aṣọ. Bí wọ́n ṣe ń so aṣọ òfì lẹ máa so ó, ṣé ẹ rántí pé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun òfì kí wọ́n tó fi etí ẹ̀ kan etí? Etí sí etí náà ni awọ, ẹ má gbé ọ̀kan gun orí èkejì, torí ó máa nípọn, ó máa ṣe okùn lábẹ́ ara ẹni tó bá sùn lé e. Abẹ́rẹ́ á wọlé láti ẹ̀yìn, á jáde níwájú, òwú á gba orí etí méjèèjì kọjá, ẹ tún gbé e pa dà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni títí. Kó jìn wọnú awọ bíi mílímítà 2 sí 3, kí àlàfo ìrán kan sí èkejì jẹ́ 4 tàbí 5. Tó bá há ju bẹ́ẹ̀ lọ, ihò ti pọ̀ jù, etí awọ á ya gẹ́gẹ́ bíi ti sítáǹbù tí mo sọ. Tó bá fẹ̀ jù, atẹ́gùn á máa gbà á wọlé. Kí òwú fà mọ́ ọn àmọ́ kó má fún un lọ́rùn. Ní gbogbo ìrán mẹ́wàá, ẹ rán an pa dà lẹ́ẹ̀kan sójú kan náà, tí òwú bá já lọ́jọ́ iwájú kó má lè tú ju ibẹ̀ lọ.

Tẹ́ ẹ bá rán ìlà kan tán, ẹ ṣí i, ẹ fi ẹ̀yìn síbí tàbí ọmọ odó kékeré yí ojú ìrán mọ́lẹ̀ kó tẹ́, kẹ́ ẹ wá dojú ẹ̀ sókè, kẹ́ ẹ fi orí abẹ́rẹ́ yọ àwọn irun tó há sábẹ́ òwú níkọ̀ọ̀kan. Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù, torí ojú ìrán tẹ́ ẹ ń wò tẹ́lẹ̀ á kàn pòórá. Ẹ máa so wọ́n ní ìlà ìlà, awọ mẹ́fà di ìlà kan, ẹ wá so ìlà márààrún pọ̀. Tí mo bá ń rán an lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ọgbọ̀n awọ máa ń gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Máṣìnnì ńkọ́? Máṣìnnì tí àwọn tó ń rán aṣọ onírun ń lò wà, ó ní àwo irin méjì tó dùbúlẹ̀ tó máa ń di etí awọ méjèèjì mú bó ṣe ń rán an lọ, ìrán tó sì ń ṣe kò yàtọ̀ sí ti ọwọ́ tí mo ṣàlàyé yẹn. Máṣìnnì ilé tí gbogbo wa ní, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀. Ó lè gba ehoro tẹ́ ẹ bá lo abẹ́rẹ́ awọ tẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ìrán gùn, àmọ́ irun á máa lọ́ mọ́ inú ẹ̀, á sì máa fa awọ kan ju èkejì lọ. Fún àgùntàn, ẹ má dán an wò.

Bí ẹ bá rò pé ọwọ́ ò lè ṣe iṣẹ́ tó máa pẹ́, ẹ wo àwọn ọmọ ìbílẹ̀ apá gúúsù ìlà-oòrùn Ọsirélíà. Awọ possum ni wọ́n fi ń ṣe ìbora tí wọ́n ń wọ̀, ẹranko kékeré tó ń gbé orí igi tó ń gbé ọmọ sínú àpò ikùn, iṣan ìrù kangaroo ni òwú wọn, wọ́n á sì fín àmì ìdílé àti ti ilẹ̀ wọn sẹ́yìn awọ. Ọmọ tuntun á ní tiẹ̀ tó jẹ́ awọ díẹ̀, bó ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń rán awọ mọ́ ọn. Nígbà tí òyìnbó dé, kúbùsù wúúlù ìjọba ni wọ́n ń pín fún wọn, iṣẹ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Méjì nínú àwọn tayé àtijọ́ ṣì wà ní Melbourne Museum, ọ̀kan láti ọdún 1853, èkejì láti Lake Condah ní 1872. Ní 1999 ni àwọn oníṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ mẹ́rin, Vicki Couzens, Debra Couzens, Lee Darroch àti Treahna Hamm, rí ti Lake Condah yẹn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ náà pa dà, nígbà tó fi máa di 2006 àwọn àgbà ìbílẹ̀ wọ irú ẹ̀ níbi ìṣíde ìdíje Commonwealth ní Melbourne. Òfin dáàbò bo possum ní Ọsirélíà, torí náà New Zealand ni awọ ti ń wá, níbi tí ẹranko yìí ti di wàhálà fún igbó.

Àwọn Paiute, ọmọ ìbílẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà míì. Ehoro ni wọ́n ní, wọ́n sì mọ̀ pé awọ ẹ̀ fẹ́lẹ́, wọn ò wulẹ̀ rán an. Wọ́n á gé awọ yíká yíká di okùn gígùn kan, wọ́n á lọ́ ọ kí irun lè yí okùn náà ká, wọ́n á wá hun ún bíi kúbùsù. Ti àgbàlagbà kan lè gba nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ehoro. Mo sọ èyí kí ẹni tí awọ ehoro bá ń ya mọ́ lọ́wọ́ lè mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni awọ náà ti dà láàmú.

Ẹ̀yìn kúbùsù ehoro gbọ́dọ̀ ní láínìn, torí ojú ìrán ò fẹ́ kí wọ́n máa fà á. Aṣọ kọ́tìn tó nípọn tàbí wúúlù ló dáa, ti èmi, àdìrẹ ni mo fi sí i. Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rán tẹ́èpù kọ́tìn yí etí awọ ká, láínìn á wá dúró lórí tẹ́èpù yẹn, kó má dúró lórí awọ. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ so láínìn mọ́ ojú ìrán láti inú ní ibi bíi ogún, kó má bàa máa sọ̀ bí àpò. Ti àgùntàn lè wà láìní láínìn, bí àwọn ará Nọ́wè ṣe ń ṣe tiwọn.

Ìtọ́jú ẹ̀ ò le. Ẹ má fi máṣìnnì fọ̀ ọ́, ẹ má sá a sójú oòrùn gangan, ẹ má di í sínú nylon torí awọ ń mí, inú àpò aṣọ ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Kòkòrò tó ń jẹ aṣọ wúúlù fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ máa gbọn ọ́n lóṣooṣù, ìmọ́lẹ̀ àti kí wọ́n máa gbọn nǹkan ni kòkòrò yẹn kórìíra jù. Tó bá ya, ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, gọ́ọ̀mù á gbẹ á sì já awọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, abẹ́rẹ́ náà ni kẹ́ ẹ fi rán an láti ẹ̀yìn. Níbi tí sínóò bá gbẹ dáadáa, wọ́n máa ń da irun awọ àgùntàn dé sórí ẹ̀ níta, wọ́n á lù ú, ìdọ̀tí á bá sínóò lọ. Sínóò Leeds kì í sábà gbẹ tó bẹ́ẹ̀, torí náà ìyẹ̀fun àgbàdo tí kò kúnná jù ni mò ń lò: mo máa ń wọ́n ọn sáàárín irun, mo fi ọwọ́ rà á wọlé, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo gbé e jáde sẹ́yìnkùlé, mo sì gbọn ọ́n títí tí ìyẹ̀fun ò fi jáde mọ́.